Òdòdó ọdún kan: ṣé ẹ̀ka ni kí n gé gbìn, àbí irúgbìn ni kí n ká?

Àkọ́gbìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóògbà. Ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Zinnia, márígóòdù, Petunia, Coleus àti Impatiens ló wà lórí ebè mi. Ìgbà wọn ti ń lọ sópin. Zinnia ti ń gbẹ láti orí, márígóòdù ti ń so, àwọn yòókù sì ti ga gogoro, ewé ìdí wọn ti ń rẹ̀ dànù. Petunia kan wà láàárín wọn tí ọkàn mi ń fà sí jù lọ: àwọ̀ àlùkò ni, funfun ló sì yí etí rẹ̀ po. N kò fẹ́ pàdánù rẹ̀ rárá.

Aládùúgbò mi ní kí n jẹ́ kó so, kí n ká irúgbìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá o, kí n gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Mo ti gé ẹ̀ka Coleus díẹ̀ sínú ife omi, wọ́n sì ti ń yọ gbòǹgbò funfun. Impatiens tí mo gé lọ́jọ́ kan náà, tí mo kì bọ ilẹ̀dú nínú ìkòkò, ti sorí kọ́, bẹ́ẹ̀ òdòdó ṣì wà lórí rẹ̀.

Èwo nínú wọn ni ká gbin irúgbìn rẹ̀, èwo ni ká gé?

Ìyá Ewéko

Àkọ́gbìn, o kú ìtọ́jú wọn. Ìbéèrè tó dára gan-an lo béèrè. Ọ̀pọ̀ olóògbà máa ń gbá ọ̀nà kan ṣoṣo mú. Tó bá jẹ́ ẹ̀ka ni wọ́n mọ̀ ọ́n gé, ẹ̀ka náà ni wọn yóò máa gé, kódà lára òdòdó tí irúgbìn rẹ̀ ń hù láìpẹ́ ọjọ́. Lójú tèmi, ohun tí o fẹ́ lára òdòdó náà àti bí òdòdó náà ṣe máa ń hùwà ni kí o wò kí o tó mú ọ̀bẹ.

Zinnia àti márígóòdù, irúgbìn ni. Tí ilẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ká sọ pé láti ìwọ̀n 21 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, méjèèjì máa ń hù láàárín ọjọ́ 4 sí 7. Fi ilẹ̀ bò wọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìdajì sẹ̀ǹtímítà ti tó. Zinnia kò fẹ́ kí wọ́n máa yọ gbòǹgbò òun lẹ́nu, nítorí náà ibi tí yóò dúró sí gan-an ni kí o gbìn ín sí. Láti ọjọ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò tanná, kì í sábà ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ. Kí la wá ń wá lọ sídìí ẹ̀ka? Cosmos náà bẹ́ẹ̀.

Coleus, Impatiens àti Begonia, ẹ̀ka ni mo fẹ́ràn fún wọn. Irúgbìn wọn ń hù o, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀, ó sì ń lọ́ra kó tó di nǹkan, nígbà tí ẹ̀ka wọn lè ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ wá kan Petunia rẹ. Ó ṣeé ṣe gan-an kí èyí tó ní etí funfun yẹn jẹ́ F1. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn tà máa ń mú oríṣi méjì tí wọ́n ti tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìran púpọ̀, wọn á wá mú ìyẹ̀fun inú òdòdó ọ̀kan fi sínú òdòdó èkejì. Ìran àkọ́kọ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n ń pè ní F1, á jọra dáadáa, á lágbára, á tanná púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí F1 yìí bá so, àwọn ọmọ tirẹ̀ á tú ká. Òmíràn á gbé àwọ̀ ìyá àgbà jáde, òmíràn á gbé ti bàbá àgbà, òmíràn á ga fíofío, òmíràn á ràn nílẹ̀. Ohun tí Gregor Mendel rí lára ewéko pea tó gbìn nìyẹn, tó sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1866: ìrísí tó sá pamọ́ nínú ìran àkọ́kọ́ tún yọjú nínú ìran kejì, ní ìwọ̀n ọ̀kan nínú mẹ́rin. Bí ohun kan ṣoṣo ṣe ń pín nìyẹn o. Lára Petunia, àwọ̀ ń pín, gíga ń pín, fífẹ̀ òdòdó ń pín, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Aládùúgbò rẹ kò parọ́. Irúgbìn náà yóò hù, yóò sì tanná, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí o fẹ́ràn yẹn ni wàá rí. Ẹ̀ka tí o bá gé ni yóò dá òun gan-an padà fún ọ, nítorí ara òun náà ni.

Oníkòkò

Màmá ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Impatiens tó sorí kọ́.

Omi ń gba ara ewé jáde sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ojúmọmọ. Lára òdòdó tó pé, gbòǹgbò ń fa omi mìíràn sókè láti fi dípò rẹ̀. Ẹ̀ka tí a gé kò ní gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ kò dẹ́kun àtitú omi dànù. Òdòdó orí rẹ̀ náà tún ń jẹ nínú ìwọ̀nba oúnjẹ tó yẹ kó fi ṣe gbòǹgbò. Gbogbo làálàá wa lórí ẹ̀ka gígé kò ju pé ká dín omi tó ń sá lọ kù títí gbòǹgbò á fi dé.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ara òdòdó ṣì kún fún omi, mo máa ń wá ẹ̀ka ọ̀dọ́ tí kò tíì rúdi, èyí tí kò rọ̀ jù, tí kò sì tíì le koránkorán. Sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 ti tó. Abẹ́ oríkèé ni mo máa ń gbà gé e, nítorí pé oríkèé, níbi tí ewé ti ń yọ, ni gbòǹgbò ti ń tètè jáde lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Abẹ fẹ́lẹ́ tó mú ni kí ẹ lò. Àlùmọ́gàjí tó kújú máa ń fún ara ẹ̀ka pa, ibẹ̀ ni ìjẹrà yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ já àwọn ewé ìsàlẹ̀, kí ó ku méjì sí mẹ́rin lókè. Tí ewé náà bá fẹ̀ bíi ti Coleus, ẹ gé ìdajì rẹ̀ kúrò. Òdòdó àti ohunkóhun tó bá ti ń rúdi, ẹ já wọn, bó ti wù kó dùn yín tó.

Ilẹ̀ tí ẹ máa kì í sí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí omi ń ṣàn gbà kọjá. Yanrìn tí kò kúná jù àti èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀, ìdajì ìdajì, dára. Ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dá ihò sílẹ̀ kí ẹ tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí ara rẹ̀ má baà bó, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ẹ wá fi ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bò ó, ẹ fi igi gbé ọ̀rá náà sókè kó má fara kan ewé. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni kí ó wà, ṣùgbọ́n kí oòrùn má pa á ní tààrà. Tí oòrùn bá pa ọ̀rá yẹn, ẹ̀ka inú rẹ̀ á sè. Ẹ máa ṣí i díẹ̀ lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ẹ má máa fà á yọ wò o! Tí ewé tuntun bá ti yọ lórí rẹ̀, tí ẹ sì fọwọ́ fà á jẹ́jẹ́ tó di ilẹ̀ mú, gbòǹgbò ti dé nìyẹn.

Ìrì Òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n Oníkòkò, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé dandan ni ilẹ̀? Coleus ti Àkọ́gbìn kúkú ti ta gbòǹgbò nínú omi. Wọ́n tún ní tí èèyàn bá ti ìdí ẹ̀ka bọ oyin, oyin náà á ṣiṣẹ́ oògùn gbòǹgbò. Ṣé òótọ́ ni?

Bọ̀dá Ilẹ̀dú

Omi dára fún Coleus àti Impatiens, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé gbòǹgbò tó yọ nínú omi kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó yọ nínú ilẹ̀. Ó tètè ń ṣẹ́, àwọn irun wẹ́wẹ́ tó ń fa omi láàárín hóró ilẹ̀ kò sì pọ̀ lára rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù nínú omi, ọjọ́ tí ẹ bá lọ́ ọ sínú ilẹ̀ ni yóò rẹ̀wẹ̀sì. Àkọ́gbìn, má jẹ́ kí gbòǹgbò Coleus rẹ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ kí o tó gbìn ín. Máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì mẹ́ta síra, má sì jẹ́ kí ewé kankan wà lábẹ́ omi. Tó bá ti dénú ilẹ̀, jẹ́ kí ilẹ̀ náà máa rin dáadáa fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí o wá máa dín omi rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀.

Ìrì Òwúrọ̀, kò sí họ́mọ̀ónù gbòǹgbò nínú oyin. Auxin ló ń mú kí ẹ̀ka ta gbòǹgbò. Ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, láti orí rẹ̀ tó ṣì ń dàgbà, á wá ṣàn wálẹ̀, á sì kó jọ síbi tí a ti gé e. Ìyẹ̀fun tàbí omi oògùn tí wọ́n ń tà, indole-3-butyric acid ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, IBA ni wọ́n máa ń kọ sí ara rẹ̀. Auxin ni òun náà. Coleus àti Impatiens kò nílò rẹ̀. Ó ń ran Petunia lọ́wọ́, nítorí ẹ̀ka tó pọ̀ sí i á ta gbòǹgbò, wọ́n á sì jọ ta á lásìkò kan náà. Ẹ kàn fi ìdí ẹ̀ka kàn án, kí ẹ gbọn ìyókù dànù. Tó bá pọ̀ jù, ó tún ń dí gbòǹgbò lọ́wọ́.

Ohun kan tí Oníkòkò kò mẹ́nu bà: kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ló fẹ́ ọ̀rá lórí. Pelargonium, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní geranium, ara rẹ̀ nípọn, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá dé e mọ́nú ọ̀rá, ìdí rẹ̀ á dúdú, á jẹrà. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún wákàtí mélòó kan, ẹ wá gbìn ín sínú yanrìn, ẹ fi sílẹ̀ láìbò. Portulaca náà bẹ́ẹ̀. Èyíinì le débi pé ẹ̀ka tó bá kàn já bọ́ sórí ilẹ̀ tó rin lè ta gbòǹgbò fúnra rẹ̀.

Ìyá Ewéko

> Omi dára fún Coleus àti Impatiens, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Èmi á jiyàn díẹ̀, Bọ̀dá Ilẹ̀dú, ẹ má bínú. Ó ń ta gbòǹgbò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbin odindi ebè, kí ló dé tí yóò fi mú òdòdó gba ọ̀nà méjì? Ẹ̀ka tó ta gbòǹgbò nínú ilẹ̀ ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní ìrẹ̀wẹ̀sì kankan láti là kọjá. Ife omi dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí ọmọdé fojú ara rẹ̀ rí bí gbòǹgbò ṣe ń jáde, ìyẹn sì wù mí gan-an. Fún ebè, ilẹ̀ ni.

Bọ̀dá Ilẹ̀dú

Mo gbọ́, Màmá. Ẹni tó ní ẹ̀ka bíi mélòó kan lọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbin odindi ebè, tiyín ni kó tẹ̀lé.

Àkọ́gbìn

Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo já òdòdó orí Impatiens, mo fi ọ̀rá bò wọ́n, orí wọn sì ti dúró. Mo ti gé Petunia náà. Ara rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ti dé. Mo gbin márígóòdù àti Celosia sínú àwo pẹrẹsẹ kan, wọ́n hù, wọ́n kún ṣìkìtì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, àwọn tó wà ní igun kan ti wó lulẹ̀. Ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìdí wọn ti rí tín-ín-rín bí òwú, ó sì ti dúdú. Ibi tó wó yẹn ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. N kò rí kòkòrò kankan níbẹ̀.

Oníkòkò

Bẹ́ẹ̀ ni, ara Petunia máa ń lẹ̀, kò sí àléébù níbẹ̀.

Àwọn tó wó yẹn, àrùn inú ilẹ̀ ló pa wọ́n. Pythium àti Rhizoctonia wà lára àwọn tó máa ń ṣe é jù. Èbu ni Rhizoctonia. Pythium kì í tilẹ̀ ṣe èbu gan-an. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó dúró láàárín hóró ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ tó ń rin ṣìnkìn nígbà gbogbo ni wọ́n ti ń ṣọṣẹ́ jù.

Èyí tó ti wó kò ní dìde mọ́. Lónìí yìí, fi ṣíbí kó wọn kúrò pẹ̀lú ilẹ̀ abẹ́ wọn, kí o sì kó àwọn tó yí wọn ká mọ́ wọn bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣì dúró. Tí nǹkan kan bá bo àwo náà, ṣí i. Gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀. Má bu omi lé wọn lórí mọ́. Gbé ìdí àwo náà lé inú omi díẹ̀ kó fa omi láti ìsàlẹ̀, kí o sì gbé e kúrò ní kété tí ojú ilẹ̀ bá ti rin. Dúró kí ojú ilẹ̀ gbẹ kí o tó tún ṣe é.

O ní wọ́n kún ṣìkìtì. Ibẹ̀ gan-an ni mo fojú sí. Bí wọ́n bá fún ara wọn, afẹ́fẹ́ kì í dé ìdí wọn, àrùn á wá máa ti ìdí kan bọ́ sí èkejì. Nígbà mìíràn, fọ́n irúgbìn síra. Ilẹ̀ tuntun tó fúyẹ́ ni kí o lò, má lo ilẹ̀ inú ọgbà. Tó bá jẹ́ àwo tí o ti lò tẹ́lẹ̀ ni, fọ̀ ọ́, kí o wá rẹ ẹ́ sínú bílíìsì ìdá kan nínú omi ìdá mẹ́sàn-án fún ìṣẹ́jú 10, kí o sì fi omi ṣàn án.

Àwọn tó bá là á já, má kánjú lọ́ wọn. Ewé méjì àkọ́kọ́ tó bá irúgbìn jáde kọ́ ni ewé wọn gan-an. Ìgbà tí méjì mìíràn bá yọ tó jọ ti ìyá wọn ni àsìkò tó. Ewé ni kí o fi ìka méjì dì mú nígbà tí o bá ń gbé e, má di ìtì rẹ̀ mú. Bí ewé bá ya, òmíràn á yọ. Bí ìtì bá fọ́, ó parí.

Ẹ̀ṣọ́ Ọgbà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ ti yin ẹ̀ka gígé púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbèjà irúgbìn.

Àrùn tó bá wà lára ìyá, ẹ̀ka á gbé e lọ. Bí a bá ń gé lára èyí tí a gé ní àná, tí a tún ń gé lára èyí tí a gé ní òní, àrùn náà ń bá wa rìn ni. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ni kì í gba inú irúgbìn kọjá, nítorí náà ẹni tó bá gbin irúgbìn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó tó mọ́.

Ẹ wo Petunia. Ìdílé kan náà ni òun àti tábà, fáírọ́ọ̀sì mosaic ti tábà sì máa ń mú un. Ewé á ní àbàwọ́n, ibì kan á pupa rúsúrúsú, ibì kan á tutù, etí rẹ̀ á wá lọ́. Kò sí oògùn rẹ̀. Ọwọ́ àti abẹ ló ń gbé e kiri jù, ó sì lè wà nínú ewé tábà tó ti gbẹ, tí wọ́n fi ṣe sìgá. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ kan Petunia. Kí gbogbo wa sì máa fọ abẹ wa kí a tó ti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì.

Impatiens náà ní tirẹ̀. Plasmopara destructor, tí wọ́n ń pè ní Plasmopara obducens tẹ́lẹ̀, ni orúkọ ohun tó ń ṣe é. Ewé á kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀ bí ẹni pé ebi ń pa á, etí rẹ̀ á ká sísàlẹ̀, nǹkan funfun hẹ́úhẹ́ú á bo abẹ́ ewé, kó tó pẹ́ gbogbo ewé á rẹ̀, á ku ìtì lásán. Àkọ́gbìn, yí ewé ìyá rẹ̀ wò lábẹ́ kí o tó gé ẹ̀ka kankan mọ́. Tí o bá rí funfun yẹn, fà á tu pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, dì í sínú ọ̀rá, sọ ọ́ nù, má sì gbin Impatiens walleriana síbẹ̀ mọ́ láìpẹ́. Impatiens hawkeri, èyí tí wọ́n ń pè ní New Guinea, le sí àrùn yìí gan-an, òun ni kí o fi dípò rẹ̀.

Àkọ́gbìn

Mo ti yí wọn wò. Kò sí funfun kankan lábẹ́ wọn.

Bọ̀dá Ilẹ̀dú

Ẹ̀ṣọ́ Ọgbà ti sọ ohun tó yẹ ká gbọ́. Màá fi kan kún un: ó dára kí a mọ ibi tí òdòdó wa ti wá. Oríṣi Petunia kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ló ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, a sì máa ń kọ ọ́ sí ara káàdì rẹ̀. Àdéhùn UPOV ti ọdún 1991, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó bá ṣe oríṣi ewéko tuntun, yọ ohun tí èèyàn bá ṣe nínú ọgbà ara rẹ̀, tí kì í ṣe fún títà, sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, tí òdòdó bá ní páténtì, gígé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn láìgbàṣẹ kò bófin mu. Ẹ máa ka ohun tó wà lára káàdì.

Ọ̀rọ̀ Petunia aláwọ̀ ọsàn ti ọdún 2017 tún wà níbẹ̀. Petunia kì í ní àwọ̀ ọsàn fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ní Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi jíìnì àgbàdo sínú Petunia, tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìjọba Finland kéde pé Petunia aláwọ̀ ọsàn tó wà lọ́jà ní jíìnì àgbàdo yẹn nínú, láìsí àṣẹ. Wọ́n kó wọn kúrò lọ́jà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ní Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́ wọn tí wọ́n sì ń tà wọ́n ni kò mọ ohun tó wà nínú wọn.

Ìrì Òwúrọ̀

Màmá, ẹ dákun, tí mo bá fẹ́ ká irúgbìn fúnra mi ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbó? Mo tún ra irúgbìn Petunia kan, ó kéré débi pé n kò mọ bí mo ṣe máa gbìn ín.

Ìyá Ewéko

Ọmọ mi, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kíká.

Fún Zinnia, fi òdòdó tó dára jù sílẹ̀ lórí igi rẹ̀ títí tí orí náà á fi pọ́n tí á sì gbẹ pátápátá. Irúgbìn wà ní ìdí àwọn ewé òdòdó gbígbẹ yẹn. Ti márígóòdù gùn tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú ni ìdajì rẹ̀, ìdajì yòókù pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Celosia, ẹbí ṣọkọ, fi bébà sábẹ́ orí rẹ̀ kí o gbọ̀n ọ́n, irúgbìn dúdú tó ń dán á bọ́ sílẹ̀. Impatiens ló ń fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí tí èso rẹ̀ bá ti gbó, bí ọwọ́ bá kàn án, á bẹ́, á sì fọ́n irúgbìn káàkiri. Fi àpò bébà kékeré bò ó kó tó gbó. Ká wọn ní ọjọ́ tí ìrì àti òjò kò sí lára wọn. Tẹ́ wọn sórí bébà níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, títí wọ́n á fi gbẹ.

Má kó wọn sínú ọ̀rá nígbà tí wọ́n ṣì tutù, wọn á bu. Àpò bébà ni, kí o kọ orúkọ àti ọdún sí i, kí o wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tó dé dáadáa, kí o gbé e síbi tó tutù. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa irúgbìn. Rántí pé kòkòrò oyin ń gba ara Zinnia kan lọ sára èkejì. Bí àwọ̀ púpọ̀ bá jọ wà nítòsí ara wọn, àwọn ọmọ wọn á dà pọ̀. Ìyẹn kò burú lójú tèmi. Mo fẹ́ràn ebè Zinnia tí ẹnikẹ́ni kò mọ àwọ̀ tí yóò yọ níbẹ̀.

Tí o kò bá mọ̀ bóyá irúgbìn tó ti pẹ́ nílẹ̀ ṣì dára, ka 10 sórí bébà ìnuwọ́ tó rin, ká a, fi sínú ọ̀rá, gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí 7 bá hù, wàá mọ̀ pé kí o fọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Bí 2 ni, wá òmíràn.

Ní ti Petunia rẹ, ó tó nǹkan bí irúgbìn 10,000 nínú gíráàmù kan. Kò ní agbára láti gba abẹ́ ilẹ̀ jáde, ó sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Nítorí náà má bò ó rárá. Kọ́kọ́ fún ilẹ̀ lómi kó rin, tẹ́ ojú rẹ̀ kó dọ́gba, da irúgbìn náà pọ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ tó kúná, kí o wá fọ́n ọn. Yanrìn yẹn á jẹ́ kí o rí ibi tí ọwọ́ rẹ ti dé. Fi ọ̀rá bò ó títí yóò fi hù, èyí kì í sábà ju ọjọ́ 7 sí 14 lọ bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ti hù, ṣí ọ̀rá náà kúrò, ẹ ti gbọ́ ohun tí Oníkòkò sọ nípa àwọn tó wó. Begonia àti Impatiens náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó hù. Àwọn tí èèpo wọn le, bíi morning glory, ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí o rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Bí omi kò bá ráyè wọlé, kò ní hù.

Àkọ́gbìn

Màmá, Petunia ti ta gbòǹgbò! Mo fà á jẹ́jẹ́, ó di ilẹ̀ mú. Ewé tuntun méjì ti yọ lórí rẹ̀. Ó kàn ń ga sókè ṣáá ni, kò ní ẹ̀ka. Ṣé kí n gbé e lọ sórí ebè báyìí? Ṣé mo lè fún un ní ajílẹ̀?

Oníkòkò

O kú oríire! Má tíì gbé e lọ.

Kọ́kọ́ lọ́ ọ sínú ìkòkò tirẹ̀, inú ilẹ̀dú tó dára. Tó bá ti ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fi èékánná já orí rẹ̀ gan-an. Orí yẹn ni auxin tí Bọ̀dá Ilẹ̀dú sọ ti ń wá, òun náà ló ń dí àwọn ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ láti hù. Bí o bá já a, ẹ̀ka á yọ ní ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan wà, ẹ̀ka púpọ̀ sì ni òdòdó púpọ̀. Coleus àti Impatiens náà, ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Orí tí o bá já yẹn, bó bá gùn tó, o tún lè kì í bọlẹ̀.

Ajílẹ̀, dúró títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ ewé nínú ìkòkò náà. Fi olómi sí i, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí gbòǹgbò ṣì kéré, á jó o.

Kí o tó gbé e lọ sórí ebè, jẹ́ kí ara rẹ̀ mọ oòrùn àti afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10. Wákàtí méjì nínú oòrùn òwúrọ̀, kí o gbé e padà sí ibòji, kí o máa fi kún un. Bí ibi tí o wà bá ń tutù gan-an lóru, má gbé e jáde títí òtútù yẹn á fi lọ. Ìrọ̀lẹ́, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ni kí o gbìn ín, kí o sì fún un lómi dáadáa lọ́jọ́ náà.

Àkọ́gbìn

Mo ti já orí rẹ̀. Mo ki orí náà sínú yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, màá gbé àwòrán wá tó bá tanná.